Kíka Ilé Bí Ìwé Ìtàn: Àwọn Ilé Àtijọ́ àti Ohun Ìrántí Ìlú Newport Létí Odò Usk ní Wales

Ìfáárà

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo mú fọ́tò afárá kan lọ sí kíláàsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì. Òpó irin gíga ló wà ní bèbè odò kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò náà, irin gbọọrọ kan sì dábùú wọn lókè téńté, ṣùgbọ́n kò sí títì tí ọkọ̀ lè gbà kọjá. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́, ó ní, "Sà, ṣé agbaṣẹ́ṣe ló kówó sá lọ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo sì mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá.

Afárá náà ti parí láti ọdún 1906. Ìlú Newport ní gúúsù Wales ló wà, lórí odò Usk, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni. Màá padà sórí rẹ̀ níwájú. Ohun tí ìbéèrè ọmọ yẹn rán mi létí ni pé ojú lásán kò ka ilé. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó fa ilé, yóò wò ó títí, ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ nílé baba rẹ̀ náà ni yóò rí níbẹ̀.

Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ mú wa rìn yí ká àwọn ilé àtijọ́ àti ohun ìrántí tó wà ní Newport, kí n sì fi wọ́n ṣàlàyé ìbéèrè mẹ́rin tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi ilé èyíkéyìí: Ta ló ní kí wọ́n kọ́ ọ? Owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ta ló fara ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Orúkọ ta ni kò sí lára ògiri? Èrò mi ni pé kò sí ilé àtijọ́ tó dá ara rẹ̀ dúró. Èyí tó dúró, àwọn kan ló ní kó dúró. Èyí tó wó, àwọn kan ló ní kó wó. Newport fi èyí hàn gbangba, nítorí pé láàárín ọdún 11 péré, ìlú náà gba ohun ìrántí kan là nínú ẹrẹ̀, ó sì fọ́ òmíràn túútúú.

Àwọn kan lè bèèrè ìdí tí n kò fi mú London. Ìwé ìtàn tí àwa kà nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ kún fún ọba, ayaba àti ogun. A mọ iye ìyàwó tí Ọba Henry Kẹjọ fẹ́, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó wa èédú. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ni Newport. Ìdí kan tún wà tí kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀: ìlú náà kò tóbi, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láàárín ọjọ́ kan, olùkọ́ sì lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Odò àti orúkọ

Newport ni ó tóbi ṣìkẹta ní Wales, lẹ́yìn Cardiff àti Swansea. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 159,000. Ọdún 2002 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì sọ ọ́ di ìlú ńlá lábẹ́ òfin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Newport, èbúté tuntun. Àwọn ará Wales ń pè é ní Casnewydd, ìkékúrú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ilé olódi tuntun. Ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi ìṣòwò ni èkíní rí, ìkejì sì rí odi tí àwọn àjèjì mọ láti fi jẹ gàba lórí wọn. Àwa tí Èkó wa di Lagos lẹ́nu àlejò kò ní ṣòro fún láti mọ̀ pé ẹni tó sọ ìlú lórúkọ ti sọ apá kan nínú ìtàn ara rẹ̀.

Odò Usk ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ń ṣàn lọ sí ẹnu odò Severn, níbi tí omi òkun ti ń kún tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìyàtọ̀ àárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà wà lára èyí tó ga jù lágbàáyé. Ó máa ń lé ní mítà 12 nígbà mìíràn. Nígbà tí omi bá kún, ọkọ̀ òkun ńlá lè wọlé. Nígbà tó bá fà, ẹrẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ló kù ní bèbè méjèèjì, ó jìn, ó sì ń yọ̀. Kí ẹ fi ẹrẹ̀ yìí sọ́kàn.

Caerleon, ìlú àwọn ọmọ ogun

Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Caerleon, tí ó wà ní òkè odò tí ó sì ti di ara Newport báyìí, ló ní àkísà. Ní nǹkan bí ọdún 75 lẹ́yìn ìbí Kristi ni àwọn ọmọ ogun Róòmù tẹ̀dó síbẹ̀. Wọ́n pè é ní Isca, wọ́n mú orúkọ náà láti ara odò. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Augusta Kejì, tó lé ní 5,000 ènìyàn, ló fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, iṣẹ́ wọn sì ni láti tẹ orí àwọn ẹ̀yà Silures tó ni ilẹ̀ náà ba. Orúkọ Caerleon fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí odi ẹgbẹ́ ọmọ ogun.

Ohun tí àlejò máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni gbàgede ìwòran, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 90. Ó rí roboto bí ẹyin, òkè iyẹ̀pẹ̀ àti ògiri òkúta yí i ká, ó sì gba nǹkan bí 6,000 òǹwòran: gbogbo ọmọ ogun lè jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, àyè á tún kù. Nítòsí ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé tí àwọn ọmọ ogun ń sùn sí wà, yàrá tẹ̀lé yàrá. Ibi ìwẹ̀ wọn náà wà lábẹ́ òrùlé báyìí. Nínú ọ̀gbàrá tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àwọn òkúta iyebíye kéékèèké tó já bọ́ lára òrùka àwọn tó ń wẹ̀. Ó dá mi lójú pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbàgbé òrùka tó bọ́ sínú gọ́tà bí ó ti máa gbàgbé orúkọ ọba Róòmù.

Kí wọ́n tó wa ibẹ̀, kòtò tí koríko hù bò lásán ni gbàgede náà, àwọn ará àdúgbò sì ń pè é ní Tábìlì Roboto Ọba Arthur. Geoffrey ti Monmouth, òǹkọ̀wé ọ̀rúndún 12, ló kọ ọ́ pé Caerleon ni Arthur ti ṣe ààfin rẹ̀. Ìtàn yìí lókìkí débi pé akéwì Tennyson wá gbé ní Caerleon ní ọdún 1856 nígbà tó ń kọ ewì rẹ̀ lórí Arthur. Láàárín 1926 sí 1927 ni Mortimer Wheeler àti ìyàwó rẹ̀ Tessa wa ilẹ̀ ibẹ̀, tí òtítọ́ fi hàn. Ẹ má tètè fi ìtàn Arthur ṣẹ̀sín o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di kòtò náà kó sì kọ́lé lé e lórí. Àwa náà mọ ohun tí èèwọ̀ àti àlọ́ máa ń ṣe fún igbó tí ìjọba ò dáàbò bò.

Òkè Stow àti ilé olódi

Kàtídírà St Woolos wà lórí òkè Stow. Gwynllyw ni orúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọrí rẹ̀. Ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di Woolos. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé jagunjagun ni, pé lójú àlá ni wọ́n ti ní kó wá akọ màlúù funfun tó ní àmì dúdú níwájú orí, pé ibi tó bá ti rí i ni kó kọ́ ilé àdúrà sí. Bí ẹranko ṣe ń júwe ibi ìtẹ̀dó kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn ìlú tiwa. Inú kàtídírà náà ní ẹnu ọ̀nà olóbìírí kan tí àwọn Normans gbẹ́ ní ọ̀rúndún 12. Àwọn kan gbà pé láti Caerleon ni wọ́n ti ru òpó rẹ̀ wá. Ọdún 1949 ni ṣọ́ọ̀ṣì yìí di kàtídírà pátápátá. Màá tún padà sí ọgbà rẹ̀, nítorí ibojì kan.

Ilé olódi tó wà lẹ́bàá odò kò ní gbà wá lásìkò púpọ̀. Ọ̀rúndún 14 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì ní ẹnu ọ̀nà kan tó kọjú sí omi, tí ọkọ̀ kékeré lè gbà wọlé tààrà nígbà tí odò bá kún. Àwọn ènìyàn Owain Glyndŵr kọ lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15. Nígbà tó yá, ó di ilé ìpawọ, ó tún di ilé ìpọntí. Lónìí, ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ kan, títì gba ẹ̀gbẹ́ kejì, apá tó kọjú sí odò nìkan ló kù. Fọ́tò rẹ̀ dára púpọ̀ láti fi bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: àwọn wo ni ojú irin wúlò fún, tí odi ìgbà yẹn kò fi jẹ́ nǹkan kan lójú wọn?

Tredegar House àti Westgate

Ilé méjì ni mo fẹ́ fi síwájú ara wọn níbí. Èkíní ni Tredegar House, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú. Ìdílé Morgan gbé ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 500 ọdún. Ilé bíríkì pupa ńlá tí a ń rí báyìí jẹ́ iṣẹ́ àárín ọdún 1664 sí 1672. Yàrá olówó wà níbẹ̀, ilé ẹṣin wà, àwọn yàrá ìsàlẹ̀ tí àwọn ìránṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ sì wà. Wọ́n sin ẹṣin kan sínú ọgbà rẹ̀, Sir Briggs, ẹṣin tí Godfrey Morgan gùn nígbà ogun Kriméà ní 1854 tí àwọn méjèèjì sì padà láàyè. Orúkọ ẹṣin wà lórí ibojì rẹ̀ títí dòní. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn. Ní 1951, ìdílé náà ta ilé, ó di ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ìgbìmọ̀ ìlú rà á ní 1974, ẹgbẹ́ National Trust ló sì ń bójú tó o láti 2012.

Níbo ni owó ilé náà ti wá? Ilẹ̀ ni, lẹ́yìn náà èédú àti irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ọ̀nà irin tí ẹṣin ń fà kẹ̀kẹ́ ẹrù lórí rẹ̀ láti àwọn àfonífojì wá sí èbúté Newport gba inú ilẹ̀ ìdílé Morgan kọjá fún bí máìlì kan. Gbogbo ẹrù tó bá gba ibẹ̀ ló ń san owó ibodè. Àwọn ènìyàn sọ apá ọ̀nà yẹn ní Máìlì Oníwúrà. Àwọn tó wa èédú náà, tí wọ́n ń gbé nínú ilé híhá ní Nantyglo, Blackwood àti agbègbè wọn, kò ní ìbò, wọn kò sì ní ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

John Frost jẹ́ oníṣòwò aṣọ ní Newport. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá Thomas Prothero jà, akọ̀wé ìlú tó tún jẹ́ aṣojú ìdílé Morgan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn. Ohun tí Frost kọ nípa rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1823. Síbẹ̀, ó di mẹ́yọ̀ ìlú náà ní 1836. Nígbà tó di 1838, àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Charter, tó ní ohun mẹ́fà nínú: kí ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 21 máa dìbò, kí ìbò jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ dandan fún aṣòfin láti ní dúkìá, kí aṣòfin máa gba owó oṣù, kí àwọn ẹkùn ìdìbò dọ́gba, kí ìdìbò máa wáyé lọ́dọọdún. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sí London ní 1839 ní ìbuwọ́lùwé tó lé ní 1,200,000. Ní oṣù Keje, àwọn aṣòfin dìbò kọ̀ ọ́, 235 sí 46.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 1839, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ gbéra láti àwọn àfonífojì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí, lábẹ́ Frost, Zephaniah Williams tó ni ilé ọtí ní Nantyglo, àti William Jones tó ń tún aago ṣe ní Pontypool. Àwọn kan mú ọ̀kọ̀ dání, àwọn kan mú ìbọn. Wọ́n fẹ́ wọ ìlú lóru. Òjò rọ̀ lé wọn lórí láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ọ̀nà di ẹrẹ̀, àwọn ará Pontypool kò tilẹ̀ tètè dé. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Stow, wọ́n kọjá níwájú St Woolos, wọ́n dé iwájú Westgate Hotel. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́ inú ibẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé nǹkan bí ọmọ ogun 30 wà lẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n tì pa. Kò tó wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Nǹkan bí ènìyàn 22 ló kú. George Shell, ọmọ ọdún 18 láti Pontypool, wà lára wọn.

Wọ́n sin mẹ́wàá nínú àwọn òkú náà sínú ọgbà St Woolos lóru, láìsí àmì lórí ibojì. Mẹ́yọ̀ Thomas Phillips, tí ọta ìbọn bà nínú hòtẹ́ẹ̀lì, gba oyè látọ̀dọ̀ ọbabìnrin. Ní Monmouth, ní oṣù Kìíní 1840, wọ́n dájọ́ pé kí wọ́n so Frost, Williams àti Jones rọ̀, kí wọ́n bẹ́ wọn lórí, kí wọ́n sì gé ara wọn sí mẹ́rin. Ìjọba yí i padà nígbẹ̀yìn, wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wọn lọ sí Tasmania. Frost nìkan ló padà, ní 1856. Ọdún 1877 ló kú, ó ti lé ní 90. Kó tó kú, òfin tó ní kí aṣòfin ní dúkìá ti kúrò ní 1858, ìbò ìkọ̀kọ̀ sì ti dé ní 1872. Owó oṣù aṣòfin dé ní 1911, ìbò gbogbo ọkùnrin sì dé ní 1918. Ìdìbò ọdọọdún nìkan ni kò tíì rí bẹ́ẹ̀, èmi kò sì rò pé ẹnikẹ́ni tó ti bójú tó ìdìbò rí yóò gbàdúrà fún un.

Westgate tó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n yìnbọn láti inú rẹ̀. Àwọn ọdún 1880 ni wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì tọ́jú òpó ẹnu ọ̀nà ti tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ihò ara òpó náà han àlejò pé ọta ìbọn ló dá a. Awuyewuye wà lórí rẹ̀. Èmi a máa fi àríyànjiyàn náà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: báwo ni ẹ ṣe máa mọ ihò ìbọn yàtọ̀ sí ihò ìṣó? Kí ni ẹ máa bèèrè, lọ́wọ́ ta ni? Níwájú hòtẹ́ẹ̀lì náà ni àwọn ère tí Christopher Kelly ṣe ní 1991 dúró sí fún ìrántí ọjọ́ náà.

Afárá tí kò ní títì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí afárá. Ní 1898, ilé iṣẹ́ irin John Lysaght bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìhà ìlà oòrùn odò. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé. Afárá tó wà nígbà náà jìnnà sókè odò, ẹni tó bá fẹ́ gbà á yóò rin bíi máìlì mẹ́rin kó tó dé ibi iṣẹ́ tó ń wò ní òdì kejì omi. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò kò lè ṣiṣẹ́ nígbà tí omi bá fà; ẹrẹ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ni kò jẹ́. Afárá lásán kò ṣeé ṣe, nítorí pé ọkọ̀ òkun tó ní òpó gíga gbọ́dọ̀ máa kọjá lábẹ́ rẹ̀, bèbè odò náà sì lọ sílẹ̀ débi pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n máa mọ láti fi gun irú afárá gíga bẹ́ẹ̀ á ti jẹ ilẹ̀ jù. Ọ̀nà abẹ́ omi, ẹ̀wẹ̀, wọ́n lówó lórí jù.

Robert Haynes, ẹnjiníà ìlú náà, ló gbọ́ nípa iṣẹ́ Ferdinand Arnodin ará Faransé, tó ti kọ́ irú afárá mìíràn sí ìlú Rouen. Èrò rẹ̀ rọrùn bí ẹni ń fa garawa lókè kànga: gbé irin gíga dábùú odò, fi okùn irin so pèpéle kan rọ̀ sára rẹ̀, kí mọ́tò iná mànàmáná máa fà á lọ fà á bọ̀. Òpó rẹ̀ ga ju mítà 73 lọ, irin tó dábùú sì wà ní mítà 54 lókè omi, kí ọkọ̀ òkun lè kọjá. Pèpéle náà gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́fà àti ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Nǹkan bí 98,000 pọ́n-ún ni wọ́n ná. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 1906 ni wọ́n ṣí i. Ta ló ṣí i? Godfrey Morgan, oníTredegar, ẹni tó ni ẹṣin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nǹkan bí 20 irú afárá yìí ni wọ́n kọ́ lágbàáyé, díẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn tí afárá George Street ṣí ní 1964, àwọn ọlọ́kọ̀ ti ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ti afárá Arnodin pa ní 1985 nítorí ó ti gbó, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1995. Ó wà ní ìpele kìíní nínú àwọn ilé tí òfin dáàbò bò. Ẹni tí òyì kì í kọ́ lè gun àtẹ̀gùn òpó rẹ̀, kó rìn kọjá lókè, ní ìgbà tí ó bá wà ní ṣíṣí.

Ọkọ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀, àwòrán tó wà lára ògiri

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2002, wọ́n ń wa ilẹ̀ létí odò láti kọ́ gbọ̀ngàn eré tuntun, ni wọ́n bá kan pákó. Ọkọ̀ òkun ọ̀rúndún 15 ni. Ẹrẹ̀ Usk tó ti da àwọn òṣìṣẹ́ Lysaght láàmú ló tọ́jú rẹ̀ fún ohun tó lé ní 500 ọdún, torí pé atẹ́gùn kò ráyè dé ibẹ̀ láti ba igi jẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé igi óákù tí wọ́n gé ní ilẹ̀ àwọn Basque, ní nǹkan bí 1449, ni wọ́n fi kàn án. Ìkòkò àti owó ilẹ̀ Potogí wà nínú rẹ̀. Ó jọ pé wọ́n gbé e wá sí Newport ní nǹkan bí 1468 láti tún un ṣe, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Nínú igi gbòógì ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n rí owó fàdákà kékeré kan, tí wọ́n rọ ní ilẹ̀ Faransé ní 1447, tí káfíńtà fi há inú ihò tó gbẹ́ fún un. Wọ́n fi ṣe oríire ni. N kò mọ ará ilẹ̀ Yorùbá kan tó kọ́lé tí kò ní lóye ohun tí káfíńtà yẹn ṣe.

Iṣẹ́ gbọ̀ngàn náà kò fẹ́ dúró. Àwọn ará ìlú ló dìde, wọ́n kóra jọ sí ibi tí wọ́n ti ń walẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gba ọkọ̀ àwọn là. Ìjọba Wales fi 3,500,000 pọ́n-ún kalẹ̀. Wọ́n tú ọkọ̀ náà ní pákó kọ̀ọ̀kan, tó sún mọ́ 2,000, wọ́n rẹ wọ́n sínú omi, wọ́n fi ohun kan bí ìda rọ́pò omi inú wọn, wọ́n sì fi òtútù gbẹ wọ́n. Ó gba ohun tó lé ní 20 ọdún.

Nítòsí ibẹ̀, ní ọ̀nà abẹ́ títì tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lọ sí gbàgede John Frost (bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede àárín ìlú), àwòrán ńlá kan wà lára ògiri. Kenneth Budd ló ṣe é ní 1978. Ó gùn ní mítà 35, nǹkan bí 200,000 ẹ̀rún táìsì àti gíláàsì ni ó tò jọ. Òjò, ọ̀kọ̀, ojú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀, èéfín ìbọn Westgate, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá tó ń ti ọja bọ̀ rí i, ọmọ tó ń lọ sílé ìwé rí i. Fún ọdún 35, òun ni ibojì tó ní àmì fún àwọn tó wà nínú ọgbà St Woolos.

Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá sí ibẹ̀. Àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ohun àtijọ́ ní Wales yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò kúnjú ìwọ̀n ààbò òfin. Àwọn tó fẹ́ kó dúró bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2013, ẹ̀rọ dé, ó fọ́ ọ. Ilé ìtajà náà, Friars Walk, ṣí ní oṣù Kọkànlá 2015. Ká má parọ́, àárín ìlú náà ti ń kú lọ kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ń ti ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wáṣẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n wó ògiri náà kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí pé ẹṣin Tredegar ní òkúta tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kò kúnjú ìwọ̀n.

Nígbà tí mo parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, mo pín bébà fún kíláàsì, mo ní kí wọ́n dìbò ìkọ̀kọ̀ bí àwọn Chartist ṣe fẹ́: ṣé kí ògiri dúró ni, àbí kí ilé ìtajà wọlé? Ìbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bébà kan wà tí ẹni tó ni ín kò dìbò rárá. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni, "Sà, ṣé wọ́n pín irú bébà yìí fún àwọn ará Newport?"